Kí Ọjà àti Oko Yan Ọjọ́ fún Yín: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Lórí Ìsinmi Oúnjẹ ní Agbègbè Òṣogbo

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, mo sì kó wọn jọ sójú kan kí ìdáhùn wọn lè ti ara wọn lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ kúrò nínú ariwo ìlú ńlá fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n gba ilé kan ní abúlé tàbí ìlú kéékèèké tó yí Òṣogbo ká, kí wọ́n máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín, kí wọ́n sì máa sè é fúnra wọn. Irú ìsinmi yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń gbé àwo síwájú ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ ibi tí ohun inú rẹ̀ ti wá, inú mi sì dùn gan-an pé ọkàn àwọn òǹkàwé wa ń fà sí i.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan kọ̀wé láti Ìbàdàn:

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, ìyá ọkọ mi sì ń gbé pẹ̀lú wa. A fẹ́ gba ilé kan ní abúlé tó súnmọ́ Òṣogbo, kí a máa dáná fúnra wa níbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí oúnjẹ ti ń wá. Oṣù Kẹjọ ni ó rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí ilé ìwé yóò ti wà ní ìsinmi. Ṣé oṣù náà dára? Kí ni kí a kó láti ilé, kí sì ni kí a rà níbẹ̀? Ọkọ mi ní kí a ra gbogbo nǹkan ní Ìbàdàn kí ọkàn wa lè balẹ̀.”

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti oṣù Kẹjọ, nítorí òun ni yóò pinnu ohun tí ẹ máa bá lọ́jà. Oṣù náà dára, ṣùgbọ́n òun náà ni oṣù ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ọjọ́ méjìlá ni wọ́n sì fi ń ṣe ọdún náà, láti ọjọ́ ìwọ́pópó títí di ọjọ́ tí Arugbá yóò ru igbá lọ sí odò. Àlejò máa ń ya wọ Òṣogbo láti ilé àti láti òkè òkun ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ilé a máa wọ́n, ata àti ẹran náà a sì máa gbé owó lórí. Bí ó bá jẹ́ ọdún náà ni ẹ fẹ́ wò, ẹ tètè gba ilé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ló ń gbé yín bọ̀, ẹ dúró kí àwọn àlejò ọdún tú ká, kí olóko àti ọlọ́jà lè ráyè yín.

Ní ti oko, iṣu tuntun ti máa ń jáde dáadáa nígbà náà. Àgbàdo àkọ́rọ̀, èyí tí wọ́n gbìn nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ti ń tán lọ, nítorí náà bí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn àgbàdo sísun tàbí èyí tí wọ́n sè tí wọ́n ń fi àgbọn jẹ, ìparí oṣù Keje yóò tẹ́ wọn lọ́rùn ju oṣù Kẹjọ lọ. Ẹ̀fọ́ kò ní wọ́n yín rárá. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa iṣu tuntun: omi inú rẹ̀ ṣì pọ̀, kì í sì í fà nínú odó bí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Sísè àti àsáró ló yẹ ẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ gún iyán, ẹ bi ìyá oníṣu ní tààràtà pé èwo ló ṣe é gún nínú iṣu tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì sọ òótọ́ fún yín, pàápàá bí ẹ bá ti sọ fún un pé ẹ ó tún padà wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ni pé kí ẹ má ṣe dá ọjọ́ kí ẹ tó mọ ọjọ́ ọjà. Ọ̀pọ̀ ọjà abúlé ní agbègbè wa ṣì ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á, tí wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tí ó bá ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná, lẹ́yìn náà yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹni tó wá láti ìlú ńlá fi máa ń dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà, tí yóò bá àtíbàbà òfìfo àti ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ léra kò lè ṣàì bá ọjà irú ìlú bẹ́ẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n bí ọjà náà bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ ń dì ẹrù lọ ilé, kí ni ẹ fẹ́ fi ohun tí ẹ rà ṣe? Ẹ pe onílé lórí fóònù kí ẹ tó san owó kankan, ẹ bi í nípa ọjọ́ ọjà ibẹ̀ àti ti ìlú tó múlé tì í, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ lè wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà. Bí ilé tó wù yín kò bá ṣófo ní ọjọ́ náà, mo rọ̀ yín kí ẹ wá ilé mìíràn. Ilé tó rẹwà láìsí ọjà kò lè fún yín ní ohun tí ẹ ń wá.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iléṣà, sí ìhà Ìbòkun tàbí Erin-Ìjẹ̀ṣà, igbó àti oko kòkó ló pọ̀ níbẹ̀, worowo máa ń hù dáadáa lábẹ́ òjìji igi kòkó, àwọn Ìjẹ̀ṣà kì í sì í fi iyán ṣeré. Omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà fún àwọn ọmọ, bí ẹsẹ̀ wọn bá gbé òkè. Ìhà Ìwó àti Ejigbo ní tiwọn jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn, ojú sì ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n nítorí ìyá tó ti dàgbà tó wà pẹ̀lú yín, èmi ì bá yan ìtòsí Ìkirun tàbí Ìrágbìjí, kí ilé ìwòsàn Òṣogbo má bàa jìnnà sí yín, kí ọ̀nà má sì gbo ìyá.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣọ́ra bàbá àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó iṣu, ẹ̀fọ́, ata àti ẹran láti ọjà Bódìjà wá sí abúlé tí wọ́n ti ń gbìn wọ́n, oúnjẹ Ìbàdàn ni ẹ tún wá jẹ ní oko. Ohun tó yẹ kí ẹ kó kò pọ̀: oògùn ìyá àti ti àwọn ọmọ, iyọ̀ àti èlò ọbẹ̀ tí ilé yín kò lè ṣe aláìní, ọ̀bẹ kan tó mú, nítorí ọ̀bẹ ilé àlejò kì í sábà mú, omi mímu fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kúlà kan tí ẹ kó yìnyín sí, àti oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Gàrí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ tó fún alẹ́ náà. Bí ẹ bá sì gba ọ̀nà Ìkirè wá, ẹ ó rí dòdò Ìkirè ní ẹ̀gbẹ́ títì, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, ata àti iyọ̀ ṣe, tí wọ́n dín títí ó fi dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá dà nù ni wọ́n sọ di oúnjẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì dára kí àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Mi ò ní kọ oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún yín, nítorí ohun tí ẹ bá rí lọ́jà ni yóò sọ ohun tí ẹ máa sè. Síbẹ̀, àwọn àgbà ti là á sílẹ̀ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú, mo sì rò pé ìtò náà bá ìsinmi yín mu. Ẹ gún iyán ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, nígbà tí iṣu àti ẹ̀fọ́ ṣì tutù lọ́wọ́ yín. Ẹ ro àmàlà ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ẹ fi gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá jókòó síta. Ní ti ẹ̀kọ nìkan ni èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú àwọn àgbà wa. Ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣí kúrò nínú ewé ní òwúrọ̀, tí ó ń dán, tí ó sì ń gbọ̀n pẹ́pẹ́ lórí àwo, pẹ̀lú àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo, kì í ṣe oúnjẹ àìrí rárá. Ní abúlé, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹni tó ń kiri rẹ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí náà ẹ má ṣe dáná ní òwúrọ̀. Ẹ rà á.

Ìyá ọkọ yín ni kí ẹ fi ṣe olórí lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wò ó bí ó ṣe ń ra iṣu: yóò gbé e lọ́wọ́ kí ó lè mọ̀ bí ó ṣe wúwo tó, yóò fi èékánná họ orí rẹ̀ díẹ̀, yóò sì tẹ ìdí rẹ̀ kí ó mọ̀ bóyá ó ti ń rà. Nídìí irú, yóò béèrè wóró fún ẹ̀fọ́ àti pẹ̀tẹ̀ fún ewédú, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n bù ú kí òun tó gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó tún bá ewébẹ̀ kan pàdé tí kò tíì fojú rí láti ọdún pípẹ́, bí ebòlò tàbí òdú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ètò yín sílẹ̀, kí ẹ se èyí tí ìyá bá fẹ́.

Bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí bá wà nítòsí ilé náà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ṣe é, kí àwọn ọmọ lè wo iṣẹ́ náà. Wọ́n á rí bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń dì í sínú àpò, tí wọ́n sì ń fi òkúta tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro kúrò, kí ó sì kan, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó wá yan án nínú agbada. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ó kan. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, rírin, kíkan àti yíyan yìí ló sì ń mú un kúrò, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan gé ẹ̀gẹ́ jẹ ní tútù nínú oko ẹnikẹ́ni. Ẹ ra díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹni tí kò tíì bu gàrí sẹ́nu nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tíì mọ bí ó ṣe ń ta sánsán tó.

Bàbá kan kọ̀wé láti Èkó:

“Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, òun náà ló sì ń dáná nílé. Nígbà tí mo dá a lábàá pé kí a lọ lo ọjọ́ díẹ̀ ní irú ilé báyìí ní ìhà Òṣogbo, ó bi mí pé, ‘Ṣé ìsinmi ni ìyẹn, àbí ẹ kàn fẹ́ gbé ilé ìdáná mi lọ sí abúlé ni?’ N kò mọ ohun tí mo lè sọ.”

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Bí iṣẹ́ ilé ìdáná bá ṣì wà ní ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí omi jìnnà, tí kò sì sí ẹ̀rọ ìlọta nítòsí, ìyà ni ẹ fẹ́ gbé fún un, ẹ kò fẹ́ fún un ní ìsinmi. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ jókòó tì í kí ẹ tó gba ilé kankan, kí ẹ sì sọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó ràn án lọ́wọ́. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa pọn omi, ẹ̀yin ni ẹ ó dá iná, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni ẹ ó fọ àwo, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì gún iyán.

Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti gbá ọmọ odó mú, kò le. Iṣu tó jinná dáadáa tí ó sì gbóná ni kí ẹ kó sínú odó, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní sí iṣu tó dá dúró mọ́. Ẹni tó bá fi agbára gún un lójú ẹsẹ̀ yóò ta iṣu sí gbogbo ilẹ̀. Nígbà tí ó bá ti parapọ̀, ẹ wá gún un, kí ẹ máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ sí àárín, títí ìró odó yóò fi rọ̀, tí iyán yóò sì máa lẹ̀ mọ́ orí ọmọ odó bí ẹ ṣe ń gbé e sókè. Ìgbà yẹn ni ẹ ó wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, tí ẹ ó sì tún gún un títí kókó kò fi ní sí nínú rẹ̀. Òógùn yóò bò yín. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín jókòó sórí àga ní gbogbo àsìkò náà, kí ó máa wò yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ó bá yín wá ìyá kan ní àdúgbò náà tó mọ oúnjẹ ibẹ̀ sè, kí ó wá bá yín dáná ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ fi ẹnu kò lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé, kí ẹ sì san án ní kíkún. Ó máa ń dùn mí láti gbọ́ pé àlejò lo ọjọ́ kan gbáko pẹ̀lú irú ìyá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ bí ó ṣe ń rò ẹ̀fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì wá fún un ní owó ọkọ̀ lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ìmọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹ tún lè ra mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé, ẹ̀kọ àti wàrà, kí ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní dá iná rárá. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bi ìyàwó yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: oúnjẹ wo ni ìyá rẹ̀ máa ń sè tí ó ti pẹ́ tí òun ti jẹ ẹ́? Ohun tí ó bá dárúkọ ni kí ẹ wá lọ sí ọjà, kí ẹlòmíràn sì sè é fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé láti Òṣogbo níbí:

“Bàbá bàbá mi fi ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ ní abúlé wa, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Mo fẹ́ tún un ṣe fún àwọn àlejò tó fẹ́ máa dáná fúnra wọn. Kí ni ó yẹ kí ilé ìdáná náà ní?”

Ọmọ mi, kí ọ̀rọ̀ tó kan ilé ìdáná, ṣé ẹbí ti fọwọ́ sí i? Ilé tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, ilé gbogbo ọmọ rẹ̀ ni. Pe àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ jọ, kí ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, títí dé orí bí ẹ ó ṣe máa pín owó tó bá wọlé, nítorí kò sí àlejò tó fẹ́ kí ẹnì kan wá kanlẹ̀kùn lóru láti bèèrè ẹni tó fún un láṣẹ.

Ní ti ilé ìdáná, má fi owó rẹ ra ohun tí ojú ń wò. Sítóófù gáàsì kan tó ní ẹnu méjì tó, kí sílíńdà rẹ̀ wà níta ilé, kí ààrò tàbí àdògán sì wà lábẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀yìn fún ẹni tó bá fẹ́ fi igi dáná, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò ni òórùn èéfín igi lára ọbẹ̀ ń gbé wá. Odó àti ọmọ odó méjì, ọlọ àti ọmọ ọlọ, asẹ́, orógùn tó nípọn tó láti ro àmàlà, ìkòkò ńlá kan tó lè gba mọ́ínmọ́ín, àti ìjábẹ̀. Kí ìjábẹ̀ náà jẹ́ tuntun, kí ó so mọ́ ara ògiri lọ́tọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí àlejò fi ìdajì ìgbálẹ̀ ja ewédú, ojú sì tì mí nítorí onílé. Bí ilẹ̀ bá wà lẹ́yìn ilé, gbin ewédú, ata wẹ́wẹ́, ewúro àti efinrin síbẹ̀. Àlejò tó bá já ewé fún ọbẹ̀ ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé yóò ròyìn ilé rẹ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ eku kò ṣe é fi ṣeré. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, ń tipasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku wọ inú oúnjẹ, ilé tó ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń ní eku nínú. Dí gbogbo ihò, ra ike onídèérí tó dé pinpin fún gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì, má sì ṣe fi oúnjẹ tí àlejò kan ṣẹ́kù sílẹ̀ de èkejì. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta, jìnnà sí fèrèsé, kí o sì kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé èédú tó ń jó wọ inú yàrá nítorí òtútù tàbí òjò, torí pé èéfín wọn ń pani láìjẹ́ pé ẹni tó sùn mọ̀. Bí omi kànga ni ẹ ń lò, sọ fún àlejò kí ó sè é kí ó tó mu ún.

Ohun tó kù ni ìwé kan tí wàá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kọ ọjọ́ ọjà oṣù náà sí i, pẹ̀lú déètì, kí àlejò má bàa máa ṣírò. Kọ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ilé ìyá tó ń ṣe irú, ẹni tó ń ta epo pupa, àti àsìkò tí oníẹ̀kọ máa ń kọjá. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún tí ẹyìn máa ń pọ̀, kọ ojúlé ebu tí wọ́n ti ń ṣe epo síbẹ̀ pẹ̀lú, kí àlejò lè ra epo tuntun lọ ilé. Ìwé yìí wúlò fún wọn ju tẹlifíṣọ̀n tí o fẹ́ rà lọ.

Olùkọ́ kan kọ̀wé láti Ìlọrin:

“A ti gba ilé sílẹ̀ nítòsí Òṣogbo. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ pẹja nínú odò Ọ̀ṣun, ó sì fẹ́ wá olú nínú igbó kí a lè sè é. Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́?”

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́. Ní igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja, kò gbọ́dọ̀ dọdẹ, kò sì gbọ́dọ̀ gé igi. Ó tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì ti fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005. Kí gbogbo ìyẹn tó wáyé rárá ni àwọn ará ìlú ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹja inú odò náà, nítorí ó wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó. Ẹ mú ọmọ náà lọ wo igbó, kí ó rí àwọn ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwọ̀ ẹja sílẹ̀ nílé. Mo tún gbọ́dọ̀ fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn awakùsà góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ti ba omi odò Ọ̀ṣun jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì ṣe fi dáná, níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé rẹ̀.

Ní ti olú, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tẹ̀ lé ẹni tó ti ń wá a láti kékeré, kí ó sì máa wò. Èyí tí àwọn ìyá bá gbé wá sí ọjà tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn òjò ni kí ẹ rà. Nínú èyí tó lè pani, òmíràn wà tó jọ èyí tí à ń jẹ, iná kì í sì í mú májèlé rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ẹran ìgbẹ́, àwọn kan ti ń sin ọ̀yà àti ìgbín báyìí, lọ́dọ̀ irú wọn ni kí ẹ ti rà á. Kí ẹ sì sè é títí tí kò fi ní sí ẹ̀jẹ̀ lára egungun rẹ̀.

Ẹja tí ọmọ yín fẹ́ náà kò ní ṣòro. Ẹ bi onílé yín pé ta ni ó ń sin ẹja àrọ̀ ní tòsí, nítorí adágún ẹja pọ̀ káàkiri agbègbè wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọmọdé fi àwọ̀n gbé èyí tó bá wù ú. Kí ẹ kó iyọ̀ tàbí eérú dání láti fi fọ yọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sì ra ata rodo, efinrin àti ìgbá sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó ṣáájú, nítorí ọbẹ̀ ẹja tútù kò ní dúró de ọjà mìíràn.